Bí Ojú Ìkókó Bá Pọ́n Bí Ìyeyè

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun máa ń pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí à ń pè ní jọ́ńdíìsì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ lára ọmọ ló ń di bilirúbìn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì lágbára láti tètè kó o dànù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta sábà máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí i. Èyí tó bá yọjú kí wákàtí 24 tó pé, ẹ gbé ọmọ náà wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ojúmọmọ ni kí ẹ yẹ ọmọ wò. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò, kí ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀. Ẹ wo funfun ojú àti èrìgì rẹ̀ pẹ̀lú, torí awọ ọmọ tó dúdú lè tan yín jẹ. Ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ẹ tètè sọ fún wa bí oyún kò bá pé ọ̀sẹ̀ 37, bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ O, bí wọ́n bá ti tan iná jọ́ńdíìsì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, tàbí bí kò bá mu ọmú dáadáa.

G6PD ló ń kó wa lọ́kàn sókè jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àgàgà ọkùnrin, ni èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ yìí kò tó lára wọn. Òórùn káńfọ̀ inú aṣọ lásán lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni ìyá àgbà fi tọ́jú aṣọ tí wọ́n fi pọn bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ má ṣe fi kan ìkókó. Ẹ má fi ìpara tàbí páúdà oní-mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa á lára, ẹ má sì fún un ní àgbo.

Oòrùn àárọ̀, omi glúkóòsì àti omi ewé ìbẹ́pẹ kò lè rọ́pò iná búlúù ilé ìwòsàn. Bí bilirúbìn bá wọ ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití tàbí kí ó ba ìrìn rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Bí ọmọ bá kọ ọmú, tó ń sùn ṣáá, tó ń ké kíkankíkan, tó ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun tàbí tí gìrì mú un, wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ máa bọ̀.

Bó bá kọjá ọjọ́ 14 tí ojú ṣì pọ́n, ẹ wo ìtẹ́dìí rẹ̀. Ìgbẹ́ tó funfun tàbí ìtọ̀ tó dúdú lè jẹ́ àmì pé ọ̀nà òróòro ti dí. Iṣẹ́ abẹ ló ń tú u, kí ọmọ tó pé oṣù méjì ló sì dára jù láti ṣe é.