Géèjì Wo Ló Yẹ Bọ́ọ̀sì Àtijọ́ Tí Ẹ Fi Ń Kó Irè Oko?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní bọ́ọ̀sì tí ó ti lé ní ọdún 20, tí ẹ fi ń kó kòkó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti agbègbè Oǹdó wá sí Àkúrẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà, owó àtúnṣe lè gbé èrè kòkó lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó yẹ kó dé Ọjà Ọba á sì rà sínú ọkọ̀.

Iná pupa nìkan kò tó

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ju iná pupa kékeré kan lọ fún ọ́ìlì. Iná yìí kì í sábà tàn àfi bí agbára ọ́ìlì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ẹ tó rí i, ọ̀ràn lè ti bàjẹ́. Géèjì tí ó ní nọ́ńbà ń fi hàn yín bí nǹkan ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì

1. Géèjì agbára ọ́ìlì. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì kò yí ká inú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Lójú rẹ̀ ẹ ó rí PSI tàbí BAR. BAR 1 jẹ́ nǹkan bíi PSI 14.5. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ó ti gbóná, kò yẹ kí ó kéré sí PSI 10 bí ọkọ̀ bá dúró. Lójú ọ̀nà, 30 sí 60 ló dára. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ òmíràn, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀lé.

2. Géèjì ooru omi. Láàárín 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius ló dára. Bí ó bá ń lọ sí 105, ẹ dúró, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ kíyè sí èyí: bí omi bá jò tán, sẹ́ńsọ̀ kò kan omi mọ́, ọwọ́ géèjì sì lè wálẹ̀ bí ẹni pé ara ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ ń gun òkè lọ́nà Ìdànrè, ẹ má yọ̀. Ẹ dúró wo omi. Volkswagen àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù kò ní omi rárá. Géèjì ooru ọ́ìlì ni kí ẹ rà sí i.

3. Géèjì bátìrì. Fún bátìrì 12, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bíi 12.6. Bí ẹ bá tan án, kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí kò bá kúrò ní 12, bátìrì kò gba iná mọ́ nìyẹn. Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù ná.

Bí ẹ ó ṣe yàn án lọ́jà

Ẹ ra géèjì oníná pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn sí i, irọ́ ni yóò máa pa. Ẹ mú súìṣì ọ́ìlì tó wà lára ọkọ̀ dání lọ sí ìsọ̀, kí ẹ fi wé e, kí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè bá ihò ẹ́ńjìnnì mu. Ẹ rí i pé 12 ni a kọ sí i, kì í ṣe 24 ti ọkọ̀ ńlá.

Géèjì ọ́ìlì tí kì í lo iná ń fa ọ́ìlì gbígbóná gba inú páìpù tín-ín-rín wá sí ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Páìpù bàbà ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ti rọ́bà líle tí ó lè já.

Bí géèjì ooru bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ki orí rẹ̀ bọ omi tí ó ń hó. Bí kò bá fi nǹkan bíi 100 hàn, ẹ dá a padà.

Ẹ sọ fún rewáyà pé kí ó má yọ iná pupa kúrò. Òun àti géèjì lè jọ ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí rédíétọ̀ bá ń jò, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí mẹkáníìkì bá ti yọ tẹ́mósítáàtì, kí ó dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ibi tí ọwọ́ géèjì kọ̀ọ̀kan ń dúró sí nígbà tí ara ọkọ̀ yá sínú ìwé. Ọjọ́ tí ó bá yàtọ̀, ẹ má ṣe kó ẹrù sí i títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.