Ọ̀dá Ń Ṣílẹ̀kùn fún Àrùn Ìrẹsì

Ìrẹsì kì í gba abẹ́rẹ́, síbẹ̀ ó ń bá àrùn jà. Họ́mónù ló fi ń ránṣẹ́ nínú ara rẹ̀. Salicylic acid àti jasmonic acid ń kéde pé ọ̀tá dé. Abscisic acid ní tirẹ̀ ń pàṣẹ nígbà ọ̀dá pé kí ewé pa ihò rẹ̀ dé, kí omi má bàa tán. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ó máa ń bo ohùn àwọn yòókù mọ́lẹ̀, èbu tó ń fa àrùn blast á sì ráyè wọlé.

Nítorí náà, bí òjò bá dá lóṣù kẹjọ, ẹ bá mi yẹ ìrẹsì àwọn òbí wa wò lọ́nà Ìfọ́n. Bí ojú àpá bá rí bí ojú èèyàn, tí àárín rẹ̀ dà bí eérú, ẹ má da yúríà sí i o! Yúríà àpọ̀jù ń bọ́ àrùn náà ni.