ILÉ TA NI ÒPIN AYÉ?

Bí ènìyàn bá ń lọ sí gúúsù orílẹ̀-èdè Ajẹntínà láìdúró, tí ó kọjá ní pápá tútù níbi tí àgùntàn ti ń jẹ̀, tí ó gba ilẹ̀ Chile kọjá, tí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù ńlá tí a ń pè ní Tierra del Fuego, ìlú Ushuaia ni yóò bá níkẹyìn. Láti Buenos Aires, olú-ìlú ilẹ̀ náà, ọ̀nà ọkọ̀ tí ó lọ síbẹ̀ tó nǹkan bí 1,900 máìlì. Òkè tí yìnyín bò wà lẹ́yìn ìlú. Omi Beagle sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn onílùú ti gbé pátákó kan ró létí omi, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òpin ayé nìyí. Orúkọ yìí ni wọ́n fi ń pe àlejò.

Àlejò sì ń jẹ́ ìpè náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń kó ènìyàn lọ wo ilẹ̀ yìnyín Antarctica, tí ó tó nǹkan bí 600 máìlì sí ibẹ̀, láti Ushuaia ni wọ́n ti ń ṣí. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ a máa sun oorun ọjọ́ kan, a ya àwòrán ara rẹ̀ nídìí pátákó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó dá rin ìrìn àjò, tí kò ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò máa bá tàkúrọ̀sọ, tí ó sì ní sùúrù láti gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, òun ni ìlú í la ẹnu bá sọ̀rọ̀. Irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni àwa fẹ́ bá rìn lónìí, nítorí pé ohun tí ó wà níbẹ̀ láti kọ́ kan ẹ̀yin olùkọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun kìíní tí yóò yà á lẹ́nu ni pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ dorí kodò. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, nígbà tí àgbàdo tuntun bá gbòde ní ilẹ̀ Yorùbá, ni òtútù mú jù lọ níbẹ̀; nínú oṣù Kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í ju nǹkan bí wákàtí méje lọ lójúmọ́. Bí ó bá di oṣù Kejìlá, ọ̀sán a gùn tó nǹkan bí wákàtí mẹ́tàdínlógún, síbẹ̀ ẹ̀wù òtútù kò ní kúrò lọ́rùn ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn igi mìíràn fi dàgbà ní ìdagun sí apá kan, bí arúgbó tí ó ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Yóò bèèrè pé kí ni ó kó ènìyàn dé irú ibí yìí. Wọn yóò mú un lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní 1902 ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọgbà tí a ó tì wọ́n mọ́. Wọ́n gé igbó, wọ́n sì la ọ̀nà, títí ìjọba Perón fi ti ọgbà náà pa ní 1947. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni lónìí. Lẹ́yìn náà ni òfin 1972 dín owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kù, tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ sì rọ́ wá láti òkè. Nígbà ìkànìyàn 2022, iye wọn ti tó nǹkan bí 80,000. Ìtàn tí ìlú náà ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àlejò wa bá bèèrè ìtumọ̀ orúkọ náà, Ushuaia, wọn yóò sọ fún un pé kì í ṣe èdè Spain. Èdè àwọn Yahgan ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ibi tí omi ti wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà.

Àwọn Yahgan ni ó ni etí omi wọ̀nyí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èèpo igi ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ wọn. Wọ́n a sì dá iná sórí amọ̀ láàárín ọkọ̀ náà, kí ó má baà kú bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn obìnrin ní ń wa ọkọ̀, àwọn náà ni ó sì ń wẹ̀ nínú omi tútù láti wá oúnjẹ. Ọ̀rá ẹran omi ni wọ́n fi ń pa ara. Iná tí àwọn atukọ̀ Magellan rí lórí ilẹ̀ náà ní 1520 ni ó mú kí a máa pè é ní Ilẹ̀ Iná.

Nígbà tí Charles Darwin, gbajúmọ̀ onímọ̀ nì, dé àgbègbè náà ní ìparí 1832, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ ní ohun tí à bá pè ní ọ̀rọ̀ tí ó já gaara. Kò bá wọn jókòó pẹ́ tó láti gbọ́ èdè wọn. Ní 1869, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Waite Stirling, dá gbé láàárín wọn ní Ushuaia fún oṣù mélòó kan. Ní 1871, Thomas Bridges, tí ó ti kọ́ èdè náà láti ìgbà èwe rẹ̀, wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọ̀rọ̀ Yahgan jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè, nígbà tí a sì kà á, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 32,000. Èdè tí ọlọ́gbọ́n kan ti fojú tẹ́ńbẹ́lú wá ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ń sanra, àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń tán lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1884, ọkọ̀ ìjọba Ajẹntínà gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni àrùn èéyi, tí í mú ọmọdé, bẹ́ sí àárín àwọn Yahgan, ó sì gbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ. Àwọn ọlọ́sìn àgùntàn gba ilẹ̀, àwọn ọdẹ òyìnbó sì ti pa ẹran omi tí wọ́n gbójú lé. Bridges ti ṣírò wọn sí nǹkan bí 3,000 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, wọn kò tó igba mọ́.

Bridges kú ní 1898. Ìwé rẹ̀ rin ìrìn àjò tirẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí a fi tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Austria ní 1933. Ní òdìkejì omi Beagle, ní Erékùṣù Navarino ti ilẹ̀ Chile, nítòsí ìlú Puerto Williams, ni àwọn tí ó kù ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá àgbà Cristina Calderón, tí a bí ní 1928. Láti 2005 ni kò ti sí ẹlòmíràn láyé tí ó gbọ́ Yahgan láti inú oyè ìyá wá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rò ó wò ná: kí ènìyàn ní èdè lẹ́nu, kí ó má sì ní ẹni tí yóò kí i padà! Ó sọ àlọ́ àti ìtàn fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì 2022, ó dágbére fáyé ní ẹni ọdún 93. Àwọn ọmọ Yahgan ṣì wà, wọ́n sì ń sapá láti kọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè náà padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n ti parun.

Àwa Yorùbá ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Lójú Yahgan pẹ̀lú, etí omi Beagle ni àárín gbùngbùn ayé. Ẹni tí ó ń wo ilé ọmọnìkejì láti òkèèrè ni í pè é ní òpin ayé. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Nínú ọ̀rúndún kan náà tí Bridges ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ní 1843. Àwa kò gbà pé èdè wa sàn ju tiwọn lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn wa kò tán. Ọmọ ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, olùkọ́ sì ń fi í kọ́ ọmọ. Ìwé atúmọ̀ èdè dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í bímọ. Àwọn Yahgan kò fi ọwọ́ ara wọn ju èdè wọn nù. Àrùn àti ìgbà ni ó já a gbà lẹ́nu wọn. Kí ni àwíjàre tiwa, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà? Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba kan náà fagi lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń tọrọ ìbò bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de àṣẹ kí ẹ tó pa àlọ́ fún àwọn ọmọ yín ní kíláàsì. Bí agbára bá sì gbé ẹnikẹ́ni nínú yín dé Ushuaia lọ́jọ́ kan, kí ó kúrò nídìí pátákó, kí ó sọdá omi lọ sí Navarino, kí ó sì lọ kí àwọn onílé.