Ìrora àti Ipò Ọkàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé bí ọgbẹ́ bá ti tóbi tó ni ìrora rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ara a máa jíṣẹ́ fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó ń dájọ́, a sì máa wo ojú ọkàn kí ó tó dá a.

Ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Henry Beecher, wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Ítálì. Egungun ẹlòmíràn ti fọ́, ọta ti wọ ikùn ẹlòmíràn. Síbẹ̀, nínú 215 tí ó bi léèrè, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò fẹ́ oògùn ìrora. Ṣé ara wọn ti kú ni? Rárá o! Bí ẹni tí ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ kò bá mọ̀ ọ́n gún, wọn a ké gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin yóò ti ké. Àlàyé Beecher ni pé ọgbẹ́ náà ni ìwé ìyọ̀ǹda wọn kúrò lójú ogun: ikú ti yẹ̀ lórí wọn. Ní 1956, ó fi wọ́n wé àwọn ará ìlú tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn wọ̀nyí, tí ọgbẹ́ wọn kéré jù, ni ó bèèrè oògùn jù.

Báwo ni èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀? Àwọn iṣan tín-ín-rín ni ó ń gbé ìròyìn láti ojú ọgbẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Ọ̀nà náà ní àlọ, ó sì ní àbọ̀: ọpọlọ pẹ̀lú a máa ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé kí a dín ìròyìn náà kù, tàbí kí a jẹ́ kí ó kọjá wìtìwìtì. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz, ní ìlú Aberdeen, rí èròjà kan nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti mọfíìnì. Ọpọlọ ènìyàn náà ní irú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà gbogbo. Èyí tí ó bá ni lójijì, tí a fi ń sá àsálà fún ẹ̀mí, a máa pa ìrora mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọmọdé tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn, tí ó ń retí abẹ́rẹ́, a máa sọ ìrora náà di púpọ̀. Àgbàlagbà tí ó ní ọmọ bẹ́ẹ̀ ń díbọ́n ṣì í jẹ, nítorí ìrora gan-an ni ó ń jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ bá a tàkúrọ̀sọ, a ní kí ó wo ojú fèrèsé, nígbà tí yóò bá sì yíjú padà, abẹ́rẹ́ ti jáde.