Mítà Omi àti Gáàsì Nínú Ilé Tí A Háyà ní Ìlú Ọba

Bí bíìlì gáàsì bá wọlé pẹ̀lú owó gọbọi, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa hítà, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wọ súwẹ́tà. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó gbà kí òtútù máa pa òun nítorí owó, ó yẹ kó mọ̀ bóyá gáàsì tí òun lò gan-an ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Nínú ilé tí a háyà, ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe òun.

Ẹ kọ́kọ́ wá mítà yín rí. Ní ilé tí wọ́n pín sí fúláàtì, mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lè tò sójú kan lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí nínú àpótí lára ògiri ìta. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wé èyí tó wà lórí bíìlì. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì ará òkè lẹ ń sanwó fún. Ọjọ́ tí ẹ bá kó wọlé ló dára jù láti ṣe èyí, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú mítà kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tó kó jáde lè ti fi gbèsè sílẹ̀. (Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì nídìí mítà, ẹ fi gbogbo èyí sílẹ̀, ẹ bọ́ síta, kí ẹ pe 0800 111 999.)

Mítà gáàsì kò mọ owó. Bí gáàsì tó gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń kà. Mítà ìgbàlódé ń kà á ní m³. Àwọn ti àtijọ́ ń kà á ní ft³, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ilé iṣẹ́ gáàsì á wá sọ iye yẹn di kWh, òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń ṣírò owó: wọ́n á fi 1.02264 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á tún fi iye ooru tó wà nínú gáàsì náà, tó máa ń wà ní àyíká 39.5, sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi 3.6 pín in. Kí ọ̀rọ̀ má gùn, m³ kan jẹ́ nǹkan bíi 11.2 kWh. Bí ẹ bá lo 100 m³, 1,122 kWh nìyẹn. Ní 2025, nǹkan bíi 6 pẹ́ńsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san lórí kWh kan, nítorí náà owó yẹn á wà ní £67. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó forúkọ mítà yín sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ pé ti àtijọ́ ni, wọ́n á kọ́kọ́ fi 2.83 sọ 100 náà di púpọ̀, owó á sì fò dé £190. Gáàsì kan náà, oṣù kan náà. Bí ẹ bá rí 2.83 lórí bíìlì, tó sì jẹ́ m³ ló wà lójú mítà yín, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n ní àwọn kà. Bí lẹ́tà E bá wà níbẹ̀, wọn kò ka nǹkan kan, wọ́n fojú bù ú ni. Ẹ ka tiyín, kí ẹ fi ránṣẹ́: nọ́ńbà dúdú nìkan, ẹ fi pupa sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ni kò fi bíìlì tó péye ránṣẹ́, tí wọ́n wá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń béèrè owó ọdún mẹ́ta, òfin Ofgem, àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ gáàsì àti iná, kò fún wọn láyè láti gba ju ti oṣù méjìlá tó kọjá lọ.

Nǹkan kan wà tí pípa hítà kò lè dín kù, òun ni standing charge, owó tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ bí ẹ lo gáàsì bí ẹ kò lò ó. Ó ń lọ sókè sódò ní àyíká 30 pẹ́ńsì lójúmọ́ ní 2025. Àwọn tó ń fi káàdì ra gáàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára jù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kò ra gáàsì láti oṣù kẹfà di òpin oṣù kẹsàn-án nítorí oòrùn ń ràn. Mítà ń kọ 30 pẹ́ńsì sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé, tí ẹ fi £20 sí i, gbogbo rẹ̀ á lọ síbẹ̀, gbèsè £16 á sì tún kù, ilé kò sì tíì móoru. Ẹ máa ra díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má sì fi káàdì tí ẹni tó kó jáde fi sílẹ̀ ra gáàsì rárá kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ náà, nítorí gbèsè onítọ̀hún lè wà lórí káàdì náà.

Ó wá ku bọ́ílà. Èyí tí kò ní táǹkì, tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, ló wà ní ọ̀pọ̀ fúláàtì. Wọ́n ṣe é kó lè gba ooru inú èéfín ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é dáadáa àfi bí omi tó ń ti inú radiator bọ̀ kò bá gbóná ju 55°C lọ. Ẹni tó gbé e kọ́ lè ti fi í sí 75 tàbí 80, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ yí ti radiator wálẹ̀ sí 60. Ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, àmọ́ á móoru. Ẹ kò nílò àṣẹ onílé láti yí bọ́tìnnì. Ṣíṣí ìdérí bọ́ílà ni iṣẹ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ní táǹkì omi gbígbóná, kó má dín omi inú táǹkì sí ìsàlẹ̀ 60, nítorí kòkòrò àrùn.

Omi gbígbóná ni mítà omi àti mítà gáàsì ti pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la sì ń san owó rẹ̀: owó omi, owó ìdọ̀tí tó ń ṣàn lọ, owó gáàsì. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ ṣáwà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó ń da lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, ti lo lítà 100 àti nǹkan bíi 4 kWh. Garawa kan tó kún kì í ju lítà 20 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí garawa àti ife tó wà ní balùwẹ̀ yín.

Síbẹ̀, bí bíìlì omi bá ṣàdédé ga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tí a ń tẹ bọ́tìnnì lórí wọn máa ń jò láìdún: omi á máa fà wálẹ̀ lẹ́yìn àwo, bí okùn tínínrín, ojú lásán kì í sì í tètè rí i. Ó lè gba lítà 200 sí 400 lójúmọ́. Ẹnì kan ní Ìlú Ọba ń lo nǹkan bíi 140 lójúmọ́, nítorí náà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń jò lè mu tó ènìyàn mẹ́ta. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ṣe tán, ẹ nu ẹ̀yìn àwo gbẹ, kí ẹ lẹ pépà ìnùdí kan mọ́ ọn. Bí ó bá tutù tàbí tó ya láàárọ̀, ó ń jò. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa kí ẹ lọ wo mítà. Bí nọ́ńbà pupa bá ṣì ń yí, páìpù ni.

Onílé ló ni àtúnṣe méjèèjì. Òfin ilé yíyá ti 1985, abala 11, ló di ẹrù páìpù omi, páìpù gáàsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti bọ́ílà rù ú ní England. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, pẹ̀lú fọ́tò mítà ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kì í ní ẹ̀rí. Bí onílé bá sì ń gba owó gáàsì lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀ sí owó ilé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi jèrè lórí yín.

Ilé iṣẹ́ gáàsì ṣeé pààrọ̀ bí bíìlì bá wà lórúkọ yín, ti omi kò ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní mítà omi, tó ń dá gbé nínú ilé ńlá, lè béèrè fún un bí àdéhùn ilé rẹ̀ bá tó oṣù mẹ́fà. Ìdílé tó ní mítà, tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, tó sì ní ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ẹ̀kọ́, tàbí aláìsàn tó gbọ́dọ̀ lo omi púpọ̀, lè béèrè fún WaterSure, tí kì í jẹ́ kí bíìlì kọjá iye kan. Ilé iṣẹ́ omi kò sì lè gé omi ilé ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè láti ìgbà òfin 1999. Wọ́n lè gbé ni lọ sí kóòtù, nítorí náà ẹ pè wọ́n, kí ẹ jọ ṣètò bí ẹ ó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀.