Ẹni tó dá wọ aṣálẹ̀: kí ni Death Valley ń fi ara ṣe?

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 2024, àwọn mẹ́fà kan gun alùpùpù wọ Death Valley ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ooru ọjọ́ náà tó dígíríì 53 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀kan nínú wọn kú síbẹ̀. Wọ́n gbé èkejì lọ sí ilé ìwòsàn ní Las Vegas, wọ́n sì tọ́jú àwọn mẹ́rin tó kù lójú ibẹ̀. Hẹlikópútà tó yẹ kó wá gbé aláìsàn kò lè wá. Afẹ́fẹ́ tó bá ti gbóná jù máa ń fúyẹ́, abẹ̀bẹ̀ hẹlikópútà kì í sì rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa láti gbéra. Bí ooru bá ti kọjá dígíríì 49, àwọn tó ń fi hẹlikópútà gbé aláìsàn níbẹ̀ kì í sábàá fò.

Èèyàn mẹ́fà nìyẹn o, tí ojú ọ̀kan ń wo èkejì. Ẹni tó dá lọ ńkọ́?

Àwọn tó ń dá lọ kò sì kéré. Wọ́n á yá ọkọ̀ ní Las Vegas tàbí Los Angeles, wọ́n á kó àgọ́, kúlà àti bàtà ìgunkè sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi ọjọ́ mélòó kan sùn káàkiri inú Death Valley, tó jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ọgbà ọ̀hún fẹ̀: gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí àyè sì tún ṣẹ́kù. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbọ́ "aṣálẹ̀", ọ̀nà Agadez sí Líbíà ló ń wá sí wa lọ́kàn, àti àwọn ọmọ tí ìyá wọn ṣì ń retí. Pé kí ẹnìkan wá fi owó ara rẹ̀ ra òùngbẹ, ó ń yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ́wà. Àwọn òkìtì iyanrìn tó wà níbi tí wọ́n ń pè ní Mesquite Flat ń pààrọ̀ àwọ̀ bí oòrùn ṣe ń wọ̀, òru ibẹ̀ sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé láti 2013 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ọgbà tí a mọ̀ káàkiri ayé fún ìràwọ̀ wíwò.

Kí ló dé tí ibẹ̀ fi gbóná tó bẹ́ẹ̀?

Ó jìn. Badwater, ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà, fi mítà 86 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Omi tó bá ṣàn dé ibẹ̀ kò rí ibi kankan ṣàn gbà mọ́. Ó gbẹ, ó fi iyọ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi funfun lọ súà. Afẹ́fẹ́ olómi tó ń bọ̀ láti òkun Pàsífíìkì sì gbọ́dọ̀ gun òkè lórí òkè kó tó débẹ̀, Sierra Nevada ló ga jù nínú wọn. Bó ṣe ń gun òkè ló ń tutù, bó ṣe ń tutù ló ń sọ omi rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé Death Valley, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Òjò gbogbo ọdún níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 50 lọ. Òjò alẹ́ kan ṣoṣo ní Ìbàdàn lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ tí kò ní koríko, lábẹ́ ojú ọ̀run tí kò ní ìkuukùu, ń gba oòrùn sára bí agbada tí wọ́n gbé ka iná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gbéra, yóò fẹ́ jáde, àwọn òkè tó yí àfonífojì náà ká yóò dí i lọ́nà. Yóò yí padà sísàlẹ̀, bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìwúwo afẹ́fẹ́ tó wà lókè ń fún un pọ̀, tó tún ń gbóná sí i. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1913, wọ́n wọn dígíríì 56.7 ní Furnace Creek. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn sí nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n òun ṣì ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́ kà sí ooru tó pọ̀ jù tí a tíì wọ̀n láyé. Líbíà ló ti di oyè náà mú tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2012.

Àwọn awa-góòlù tó ṣìnà wọ ibẹ̀ ní ìparí ọdún 1849 ló fà á tí wọ́n fi ń pè é ní Àfonífojì Ikú. Ẹnìkan péré nínú wọn ni a mọ̀ pé ó kú sínú àfonífojì náà, orúkọ burúkú sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn Timbisha Shoshone tó ni ilẹ̀ náà ti ń gbé ibẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta láyé àtijọ́ kò ṣòro: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gun òkè lọ síbi tó tutù; nígbà òtútù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Àlejò ló ń wọ ibẹ̀ ní oṣù Keje.

Òógùn tí ẹ kò ní rí

Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀ ti gbẹ kó tó di ọ̀sán, ètè ń sán, awọ ara ń fún. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń fa omi lára gbogbo nǹkan. Ẹ wá fi ooru ìdáná kún ọyẹ́ yẹn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ara fi lè tutù nígbà tí ìta bá gbóná ju ara lọ ni òógùn tó ń gbẹ. Ní Èkó, òógùn máa ń dúró lára, a máa ń ráhùn, a máa ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ní Death Valley, bó ṣe ń jáde ló ń gbẹ. Awọ ara gbẹ, ẹ̀wù gbẹ, èèyàn á rò pé òun kò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gun òkè lè máa pàdánù tó lítà omi kan ní wákàtí kan. Iyọ̀ funfun tó bá yọ sára ẹ̀wù nìkan ló máa ń tú àṣírí.

Bí omi ara bá ti dínkù, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa sáré, òógùn á dínkù, ooru inú ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti dígíríì 37. Tó bá ti tó 40, ọpọlọ ti wà nínú ewu. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá ni làákàyè ti ń yẹ̀. Èèyàn á máa gba ọ̀nà àbùjá tí kò sí, á bọ́ ẹ̀wù tó yẹ kó wọ̀, á jókòó nínú oòrùn. Ibi tí dídá lọ ti burú jù nìyí, lójú tèmi. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnì kejì á ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ yín kò dọ́gba mọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹni tó yẹ kó ṣàkíyèsí gan-an ni orí rẹ̀ ń dàrú.

Lítà mẹ́rin lóòjọ́ ni àwọn aláṣẹ ọgbà náà ní kí èèyàn mu, ó kéré tán. Píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ nìyẹn, fún ẹni tí kò ṣe wàhálà. Kí ó máa jẹ nǹkan oníyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí omi lásán tó bá pọ̀ jù ń ṣán iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ìyẹn náà sì lè pani. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fẹsẹ̀ rìn ní ìsàlẹ̀ àfonífojì lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ má rò pé òru á san án padà: ní oṣù Keje 2024, tí wọ́n bá ro ọ̀sán àti òru pọ̀, ìpíndọ́gba ooru rẹ̀ jẹ́ dígíríì 42.5.

Ọkọ̀ yín ni ilé yín

Níbi tí wọ́n ń pè ní Racetrack, àwọn òkúta ń rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n ń fi ipa sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń pìtàn nípa rẹ̀, títí àwọn onímọ̀ fi ká wọn mọ́ ọn ní oṣù Kejìlá 2013: omi díẹ̀ dì sórí ilẹ̀ lóru, yìnyín náà tín-ín-rín bíi díńgí fèrèsé, nígbà tó fọ́ láàárọ̀ ni atẹ́gùn jẹ́jẹ́ fi ń ti òkúta lọ lórí ẹrẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dé ọgbà náà ló fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ lé ní kìlómítà 40, òkúta ṣóńṣó ló kún un, ó ń gé táyà bí ọ̀bẹ. Kò sí fọ́kánáísà. Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Máàpù orí fóònù sì ń purọ́ níbẹ̀. Ó lè tọ́ka sí ọ̀nà tí àwọn awakùsà ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ há sí fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ náà kú. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje 1996, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kan láti Jámánì pòórá. Oṣù Kẹwàá ni ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó wà nínú hẹlikópútà rí ọkọ̀ wọn ní Anvil Canyon, táyà rẹ̀ ti jò. Wọn kò sí níbẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó rí egungun àwọn àgbà wọn, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sí ọkọ̀.

Láti òkè, ọkọ̀ tóbi, èèyàn kéré bí èèrà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọṣẹ́, kó dúró tì í, kó wá ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má fẹsẹ̀ wá ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan.

Omi náà ń pani níbẹ̀. Ilẹ̀ líle kì í mu òjò, gbogbo rẹ̀ ló ń ya lọ sínú odò gbígbẹ. Ní oṣù Kẹjọ 2022, mìlímítà 37 péré há nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn mọ́ inú ọgbà náà. Ọdún kejì, òjò ọjọ́ kan ju ti ọdún kan lọ, ọgbà náà tìpa fún nǹkan bí oṣù méjì, adágún omi tún yọ ní Badwater. Àwọn tó rántí ìkún omi Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980 kò nílò àlàyé: ẹ má pàgọ́ sínú ipa odò, bó ti wù kó gbẹ tó.

Ta ló mọ ibi tí ẹ wà?

Aron Ralston mọ òkè gígùn dáadáa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó dá wọ àfonífojì tóóró tí wọ́n ń pè ní Bluejohn ní aṣálẹ̀ Utah, òkúta ńlá kan sì fún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, torí náà kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọn yóò ti wá a. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó fi ọ̀bẹ kékeré gé ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò, ó sì rìn jáde. Wọ́n ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù. Ìwé pélébé kan tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ì bá ti mú kí wọ́n tètè máa wá a.

Nítorí náà, bí ọmọ yín tó wà ní Los Angeles tàbí Houston bá pè yín pé òun fẹ́ dá lọ wo Death Valley, ẹ má tíì bínú. Ẹ bi í oṣù tó fẹ́ lọ. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dára. Ẹ ní kó yá ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Kó kọ ibi tí yóò sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín, àti wákàtí tí yóò pè yín padà. Kí ẹ sì gba nọ́ńbà ọ́fíìsì ọgbà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbéra, nítorí 911 tí ẹ bá tẹ̀ ní Ìbàdàn kò ní dún ní California.