Kí páìpù má bàa gba inú irin kọjá: Bí àwọn ẹnjiníà ṣe ń wá ìkọlura nínú àwòṣe ilé-iṣẹ́ ńlá

Ẹni tó bá gba agbègbè Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kọjá, tó sì rí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote láti òkèèrè, àwọn páìpù ni yóò kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀. Wọ́n pọ̀ bí ìtàkùn inú igbó ńlá. Oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ ni pé nínú irin, wáyà àti páìpù tó ṣù jọ báyẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí ọ̀kan kò fi ní í gba inú èkejì kọjá?

Kò sí ibi kan láyé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń yàwòrán irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹnjiníà tó ń ṣètò páìpù wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń ṣètò irin tó gbé ilé ró wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníná náà ń ṣe tiwọn. Nígbà mí-ìn, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Oníkálukú mọ iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ àyè kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pín. Bí oníná bá ya àtẹ tí wáyà yóò gbà sí ibi tí onípáìpù ti ya páìpù sí, ẹ kò ní í rí àṣìṣe kankan tí ẹ bá wo àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n bá gbé méjèèjì léra ni wàhálà tó ń jáde. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní “clash” nìyẹn, ìkọlura la ó sì máa pè é níhìn-ín.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti rí i tí wọ́n ń fọ́ títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, torí pé àwọn olómi fẹ́ẹ́ ri páìpù tiwọn mọ́ ibẹ̀, ti fojú ara rẹ̀ rí ìkọlura.

Bí àṣìṣe náà bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹnjiníà kan yóò sún páìpù díẹ̀, ó parí. Bí wọ́n bá jẹ́ kó dé ibi ìkọ́lé, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù tó jìnnà ni wọ́n ti sábà máa ń gé páìpù, ibẹ̀ náà ni àwọn wẹ́dà ti ń jó o pọ̀, kí wọ́n tó kó o wá. Kíréènì á ti gbé e sókè, àwọn òṣìṣẹ́ á ti wà lórí àkàbà, kí wọ́n tó rí i pé irin ìdábùú kan dí ọ̀nà. Kíréènì tí wọ́n háyà kò ní í yéé jẹ owó, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ gé páìpù náà, kí wọ́n tún un jó, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ojú ibi tí wọ́n jó wò, kí wọ́n sì tún rọ omi kún inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Èyí tó burú jù ni kí ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àṣírí tó tú. Wẹ́dà kò lè tan iná sídìí páìpù gáàsì, àfi tí wọ́n bá pa apá ibẹ̀, tí wọ́n sì lé gáàsì inú rẹ̀ jáde tán. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí ẹ̀.

Láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò tí ì gbòde, ike ni wọ́n fi ń kọ́ àwòṣe ilé-iṣẹ́ náà ní kékeré. Wọ́n á to páìpù ike pẹ̀lú irin ike lórí tábìlì, àwọn àgbà ẹnjiníà á sì máa yí i ká, wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ ojú èèyàn ló gbára lé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó kan tó ń jẹ́ CADCentre sílẹ̀ nílùú Cambridge. Láàárín àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe PDMS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya odidi ilé-iṣẹ́ bó ṣe máa rí gan-an, ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Ilé-iṣẹ́ AVEVA tòní ló ti ibẹ̀ jáde.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ìkọlura rọrùn láti sọ, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni. Bí nǹkan tó wà nínú àwòṣe bá jẹ́ 10,000 péré, tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìyókù, ó dín díẹ̀ ní mílíọ̀nù 50 ìgbà tí wọ́n máa wé wọn. Ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ń dá ni pé yóò fi àpótí tí ojú kò rí bo nǹkan kọ̀ọ̀kan. Bí àpótí méjì kò bá kan ara wọn, kò ní í yẹ̀ wọ́n wò mọ́. Àwọn tí àpótí wọn bá wọ ara wọn nìkan ni yóò yẹ̀ wò fínnífínní, bóyá ọ̀kan gún èkejì, bóyá wọ́n kàn fara kan ara, tàbí bóyá wọ́n súnmọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ.

Irin tó gún irin nìkan kọ́ ni ìkọlura. Àyè tó ṣófo náà ní olówó rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń gba ooru lára epo gbígbóná láti fi mú tútù gbóná: ìdì páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n máa fà á jáde fọ̀ lóòrèkóòrè. Bí ìdì náà bá gùn ní mítà mẹ́fà, àfi kí mítà mẹ́fà ṣófo níwájú rẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ máa gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ náà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí. Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ya àyè náà sínú àwòṣe bí ẹni pé ohun gidi ni, kí ariwo lè sọ bí páìpù bá wọ ibẹ̀. Ooru náà tún wà ńbẹ̀. Páìpù irin tó gùn ní mítà 50, tí ooru rẹ̀ fi ìwọ̀n Celsius 200 lé sí i, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Nígbà tó tutù, kò kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò wá máa ti ará ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìkọlura yóò jáde. Orúkọ nǹkan méjèèjì tó kọlura wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n wà gan-an, irú ìkọlura tó jẹ́, ẹ̀ka tó yẹ kó tún un ṣe, àti ibi tí iṣẹ́ dé lórí rẹ̀. Ibí gan-an ni iṣẹ́ náà ti le. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkọlura lè jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jẹ́ nǹkan kan: páìpù tó jókòó sórí irin tó gbé e ró, tàbí bóòtù tó wọ ihò tó yẹ kó wọ̀. Bí ẹni tó ń kà á bá ti rí ọgọ́rùn-ún irọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè yá láti kọ “ó dára bẹ́ẹ̀” sí ìkẹ̀yìn, kí ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń ṣètò ohun tí kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ kà sí ìkọlura ṣáájú, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ sí ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sí i.

Ta ló máa wá yẹ̀ fún ẹnì kejì? Páìpù ìdọ̀tí tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun, nítorí náà ó ṣòro láti sún un. Páìpù ńlá tó gbé ooru púpọ̀ náà kì í fẹ́ẹ́ yẹ̀. Àtẹ wáyà àti páìpù kékeré ló sábà máa ń rọra wá ọ̀nà mí-ìn gbà, kódà bí àwọn oníná bá ń ráhùn.

Gbogbo ètò yìí kò sì wúlò bí àwòrán kò bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ òfurufú Airbus A380 kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìfọpo, àmọ́ wáyà inú rẹ̀ ju kìlómítà 500 lọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó wà ní Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ń lò ti pẹ́ ju ti àwọn tó wà ní Toulouse, lórílẹ̀-èdè Faransé, lọ. Nígbà tí wọ́n gbé wáyà wá síbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ náà, ó kúrú. Lọ́dún 2006, léraléra ni ilé-iṣẹ́ náà ń kéde ìdádúró, àwọn ọ̀gá àgbà sì fi ipò sílẹ̀. Oṣù kẹwàá, ọdún 2007, ni Singapore Airlines tó gba ọkọ̀ àkọ́kọ́.

Bí ìwé ìkọlura bá ti mọ́, wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin. Àmọ́ ẹni tó bá sún páìpù kan ṣoṣo lẹ́yìn ìgbà náà lè dá ìkọlura mẹ́ta sílẹ̀ láìmọ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò lóru, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ sílé, kí ìwé tuntun lè wà lórí tábìlì wọn nígbà tí wọ́n bá dé láàárọ̀.